Oníkọ̀ǹpútà Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti Ẹni Tí Kì í Dá A Lóhùn

Wọ́n ní ó ti ọkùnrin kan mọ́lé. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò wa nìyẹn nípa ọmọbìnrin tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi gan-an. Alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí onítọ̀hún kì í dáhùn, tí kì í sì í jáde. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ìsàlẹ̀ títì, ọkùnrin náà ti ya odi, ó ti hu irùngbọ̀n, àwọn kan sì ti rí ọwọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé.

Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀ o. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo gòkè lọ.

Búláòsì rẹ̀ ni mo gbé lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Búláòsì nìkan ló máa ń rán lọ́dọ̀ mi, kò gbé síkẹ́ẹ̀tì wá rí, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé. Inú yàrá yẹn náà ló ti ń ṣe é, àràárọ̀ ló sì máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lójú kọ̀ǹpútà. Láti àyà sókè ni wọ́n ń rí i. Lókè, á wọ búláòsì tó gún régé, á fi yẹtí sétí. Nísàlẹ̀, ṣòkòtò tó fi sùn náà ni. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà làwọn ará ilé wa ń pè é, torí wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn tó ń múra fún.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbóhùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé tó fẹ́ sunkún: pé wò ó, èrò kan ti ra ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tà, báwo ni ẹlòmíràn ṣe tún wá rà á. Mo dúró. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò fọhùn. Mo ní áà, òótọ́ mà ni Alágbàfọ̀ ń sọ. Mo rọra sún ilẹ̀kùn, mo yọjú wọlé. Òun nìkan ló wà nídìí tábìlì. Pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà kan, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré nínú omi, ló gbé síwájú, tí àwọn méjèèjì kọjú síra wọn.

Ojú tì í. Ó ní kí n wọlé, ó wá ṣàlàyé fún mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀nà jíjìn kan ló ń bá ṣe ohun tí wọ́n á máa fi ta tíkẹ́ẹ̀tì, ohun náà sì ń ta ìjókòó kan fún èèyàn méjì. Ó ní bí iṣẹ́ bá ta kókó mọ́ àwọn lọ́wọ́ báyìí, ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá nǹkan tí kò lè fèsì, wọ́n á máa ro ó fún un lẹ́sẹẹsẹ. Bí wọ́n bá ń rò ó lọ, ẹnu wọn á dédé kọsẹ̀ níbi tí àṣìṣe wà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò rò ó fún ẹlẹ́ran ara. Ó ní èèyàn máa ń dá sí i. Mo ní èmi kì í dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ ní tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀ lọ, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní irùngbọ̀n yẹn ló dun òun.

Láti ọjọ́ yẹn lèmi àti Oníkọ̀ǹpútà ti mọwọ́ ara wa. Bó bá di ọ̀sán, á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, á ní òun fẹ́ wo nǹkan tí kì í tàn yanran sí òun lójú. Ó fẹ́ràn kó máa wò mí bí mo bá ń tú ojú rírán tó wọ́. Ó ní iṣẹ́ òun náà nìyẹn, pé ohun tí òun ń tú ju ohun tí òun ń rán lọ.

Bó bá wá di Sátidé, ẹ ò ní bá a nílé. Ilé gbàràmù kan wà lẹ́yìn títì wa tí wọ́n ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀. Àwọn onípákó ti kó lọ, àwọn oníṣẹ́ ọnà ti gbà á. Ayàwòrán kan wà níbẹ̀ tí kì í ya ohun mìíràn ju àga lọ, oríṣiríṣi àga, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sórí ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn akọrin ń lọgun lápá kan, àwọn amọ̀kòkò ń bínú sí wọn lápá kejì. Àwọn eléré orí ìtàgé ló wà níkangun. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn, èmi ni mo ń rán aṣọ eré wọn, Oníkọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe iná. Ó ti ṣe é sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá tẹ ibì kan, ìtàgé á rọra ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Bó bá tẹ ibòmíràn, ojúmọ́ á mọ́. Ẹ̀yìn aṣọ dúdú kan ló máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìgbà tí mo ń wọn apá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó wù ú kó jáde síwájú èrò kó sọ̀rọ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Láti ilé ìwé ló ti jẹ́ pé bó bá ti rójú èèyàn tó pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á sì pòórá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ẹ̀yìn aṣọ dúdú yẹn lòun ti máa ń wo àwọn eléré, tí òun ń jowú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà kọ eré tuntun. Obìnrin kan ti ta ilé bàbá rẹ̀, ó wá wò ó fún ìgbà ìkẹyìn, ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń dá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló yẹ kó ṣe obìnrin náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn níbi iṣẹ́. Tíṣà káwọ́ lérí, ó ní ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi ẹni tó ń fi iná tẹ̀ lé e. Gbogbo ojú yí sí aṣọ dúdú. Ohùn kan tibẹ̀ jáde pé òun á gbìyànjú. Ayàwòrán tó ń ya àga ní òun á bá a máa tẹ iná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tó wọlé. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó kí n máa sọ ọ̀rọ̀ eré náà fún yín. Ẹ má mi orí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ pé ó dáa.”

“Ṣé pẹ́pẹ́yẹ lo wá fẹ́ fi mí ṣe báyìí?”

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni.”

Ọkọ mi tó wá mú mi relé gbọ́ ọ. Ó ní, “Àbúrò, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Ẹ̀gbọ́n ẹ yìí ni mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá ṣeé ṣe fún ẹ, wá kọ́ èmi náà.”

Kò rọrùn o. Lọ́jọ́ kìíní, obìnrin inú eré ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí mo ti bèèrè ẹni tó ra ilé. Lọ́jọ́ kejì, ó dé ìdí àga bàbá rẹ̀, mo ní ó mà ṣe o. Kò bá mi jà. Á kàn wò mí, á sì padà sẹ́nu ọ̀nà inú eré, á tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń fi téèpù ìwọnṣọ sẹ́nu, mo ń deyín mọ́ ọn. Bí mo ṣe há gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí nìyẹn láìfẹ́ láìkọ̀.

Lọ́jọ́ eré, ilé onípákó kún dẹ́nu. Iwájú pátápátá ni mo wà, ibi tó ti ní kí n jókòó, Alágbàfọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oníkọ̀ǹpútà jáde. Aṣọ tí mo rán jókòó sí i lára, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tó fà á. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọ pálọ̀, ó kọjá yàrá ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń là bọ̀. Ó dé ilé ìdáná, ó sì dákẹ́.

Ó dákẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Tíṣà dijú. Alágbàfọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ tí Oníkọ̀ǹpútà sọ nù yẹn wà lẹ́nu mi gbágbá. Ètè ń yún mi bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ilé á gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́, kò sì ní jáde síwájú èèyàn mọ́ láyé. Ojú rẹ̀ ń wá mi kiri, ó rí mi. Mi ò mirí. Mo ki etí ìborùn mi bọ ẹnu.

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí.

“Dúró ná. Jẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo wọ pálọ̀, àga bàbá mi wà níbẹ̀, mi ò jókòó. Mo kọjá yàrá ìyá mi. Mo yà sọ́wọ́ òsì. Ibi tó yẹ kí n dé nìyí. Kí ló yẹ kí n bá níbí tí mi ò rí?”

Kò sí èyí nínú ọ̀rọ̀ tí Tíṣà kọ. Àwọn èèyàn ò mọ̀. Wọ́n rò pé obìnrin náà ti sọnù sínú ilé bàbá ara rẹ̀ ni. Bàbá kan lẹ́yìn mi fa ikun imú. Ayàwòrán ò mọ ibi tó máa tẹ̀, ó fi iná sílẹ̀ ní ṣíṣú, ìyẹn tún wá jẹ́ kó bọ́ sí i.

“Èéfín,” ló wí. “Èéfín ìdáná ìyá mi ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó ra ilé ló máa kùn ún bò.”

Ó ti kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ tó sọ nù nìyẹn. Kò tún dúró mọ́ títí ó fi ti ilẹ̀kùn eré pa. Àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí Alágbàfọ̀ ń sọ, àmọ́ ó dà bíi pé ó ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lòun ti mọ̀ pé ọmọ yẹn lẹ́bùn. Tíṣà sáré gun orí ìtàgé, ó ní lọ́la tí wọ́n bá tún un ṣe, ibi tó ti padà sẹ́nu ọ̀nà yẹn ò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ rìn padà sílé, mo fi aṣọ eré kọ́ apá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ láti ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé onípákó títí dé ìdí àtẹ̀gùn wa. Kò dá sí i títí mo fi sọ tán. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

“Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń gbọ̀n látìgbà tí mo ti jáde síwájú wọn, kò tíì dúró di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ilẹ̀ ọ̀la yáa mọ́ kíá kí n tún bọ́ síwájú wọn ni.”