Gunvor Rosvall àti Ilẹ̀kùn Tí Kì Í Mojú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Gunvor Rosvall, iwájú pátákó tí gbogbo ilé fi ń pín wákàtí yàrá ìfọṣọ, lábẹ́ ilé wa ní Göteborg ní Sweden, ló dúró sí, ó ń wo pátákó náà bí ọlọ́pàá tó ń wá ipasẹ̀ olè. Ẹnì kan ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin nígboro yìí," ó wí, kò tilẹ̀ kí mi. "Mi ò pẹ́ rí. Ta ló láyà láti gba wákàtí mi?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Torkel Hedman ni, alága àwọn onílé, tó ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá. Aago méje sí mẹ́wàá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ Torkel kì í tán. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Bóyá atẹ́gùn ló nù ún."

Lọ́jọ́ kan, ìwé lórí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ ni Gunvor ń wá ní ilé ìkàwé tó fi gbọ́ àtẹ́wọ́ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó yọjú. Àwọn bíi mẹ́wàá jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú lójú gbogbo wọn.

"Kí ló ṣe tẹ́ ẹ fi ń yìn ín?"

"Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣe rí ni," ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nilofar dá a lóhùn. Ó ti ń fa àga fún un. "Ẹ jókòó. Ẹ mu kọfí, ẹ jẹ búrẹ́dì."

Búrẹ́dì oníṣúgà ni, wọ́n ká a bí ìgbín. Gunvor jókòó.

Nilofar ṣàlàyé fún un pé àdéhùn ni àwọn ń kọ níbẹ̀, àdéhùn tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń mú ṣẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé e jáde, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.

"Títí kan alága?"

"Alága kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ gan-an ò ní lè fọwọ́ kàn án."

Inú Gunvor dùn débi pé ó mú búrẹ́dì kejì.

Oṣù mẹ́rin ló fi ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbàgbé àmì kékeré kan ní ìparí ìlà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kọ àdéhùn kan tó gba gbogbo ilé láyè láti fọṣọ àyàfi òun nìkan, wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́.

"Ẹ fi í síbi ìdánrawò fún ọdún kan gbáko," Nilofar bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kó rí òtútù, kó rí ooru."

"Ọdún kan! Kí Torkel ti fọ ìbọ̀sẹ̀ gbogbo Sweden tán?"

Nínú oṣù kejì ọdún, ìpàdé ilé gbà pé kí ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ máa gbọ́ ti àdéhùn Gunvor: káàdì olúkúlùkù yóò ṣí i ní wákàtí tirẹ̀ nìkan. Torkel ní ohun kan láti sọ.

"Tó bá dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a máa padà sí pátákó. Èmi ni mo sì máa gba aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì."

"Mo gbà," ni Gunvor wí.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, gbogbo ìlú sún aago síwájú ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Gunvor sún tirẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún àdéhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago méje, Torkel sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ àwọ̀sùn. Ilẹ̀kùn kọ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún odidi wákàtí kan, agbọ̀n àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ sì ń kí i. Aago mẹ́jọ ló tó wọlé. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Gunvor fi káàdì tirẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò mì. Ó rí Torkel láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ká aṣọ.

"Torkel, jáde! Aago mẹ́wàá ti lù!"

"Lọ́dọ̀ tìẹ nìyẹn. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ẹ, aago mẹ́sàn-án la wà."

"Ṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́!"

"Kí èmi alága máa rúfin?" Torkel gbé ìbọ̀sẹ̀ kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò tìfura-tìfura, ó sì rọra wá ìkejì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gunvor ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ débi pé olùtọ́jú ilé ìkàwé sáré wọlé.

"Ẹ yéé pàtẹ́wọ́! Wọ́n máa gba wákàtí mi!"

"Ẹ kọ òmíràn," ni Nilofar wí, "kẹ́ ẹ wá so ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Gunvor dorí kodò. Nítorí ìbẹ̀rù Torkel, ó ti kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ilẹ̀kùn náà kò gbọdọ̀ gbọ́ ti àdéhùn mìíràn láé.

Nilofar fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èyí náà tún jẹ́ tuntun." Ó ti búrẹ́dì sún mọ́ ọn. "Ẹ sáà sọ òótọ́ fún wọn nílé, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa níbí."

Ní Ọjọ́bọ̀, Torkel mú pátákó àti pẹ́ńsù wá sípàdé. Gunvor dìde.

"Èmi ni mo ṣì í. Mi ò rántí pé aago máa ń yí, mi ò sì lè tún un ṣe mọ́. Torkel, gba wákàtí mi."

Torkel họ ọrùn. "Ara ẹ ni mo rò pó o kọ ọ́ fún. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń ṣépè fún ẹ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó tilẹ̀kùn mọ́ ìwọ náà! Mo ní, háà, eléyìí ò mojú ẹnikẹ́ni."

"O sì jókòó, ò ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Mo gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Wọ́n gbé aago kan kọ́ sára ògiri yàrá ìfọṣọ, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún un láé. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, a máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago ìlú tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Gunvor ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí. Ó ṣì ń gbé àjà kẹta, òun ló sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago márùn-ún sí aago méje.