Ìmàdò Tí Tíṣà Fẹ́ Rí

Ó ku díẹ̀ kí Tíṣà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé irú ayẹyẹ wo ló fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ ayẹyẹ kankan. Ó ní ibì kan wà tí òun fẹ́ lọ, èmi àti Àlàájà ni òun sì fẹ́ bá lọ, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu.

Àwa mẹ́ta yìí ti jọ gbé ilé kan rí ní Ìkòtún, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Àlàájà ni ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, abọ́ àti ike ni wọ́n ń tà ní Abúlé Ẹ̀gbá, kò sì sí ẹni tí wọn ò lè bá wí nínú ilé náà, títí kan onílé. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Tíṣà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ wa sì ni gbogbo ilé fi ń pè wá, tó fi di pé àwa náà ń fi pe ara wa. Yàrá Tíṣà ni àwọn ọmọ mi máa ń sùn bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ òru. Bí ọbẹ̀ mi bá fẹ́ jóná, Àlàájà ló máa sọ ọ́ kalẹ̀, wọn á wá jókòó dè mí láti bá mi jà.

Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀, Àlàájà kó lọ sí Àgbàdo, èmi wá sí Ìgàndó. Inú wa dùn pé a bọ́ lọ́wọ́ à ń tò fún omi. A ò bára wa jà. A kàn ń ríra wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹnìkan bá ń sìnkú tàbí bí ọmọ ẹnìkan bá ń ṣègbéyàwó, a ó sì máa pariwo mọ́ra wa lójú agbo pé, "Mò ń bọ̀ wá kí yín o!" Ọdún á tún yí.

Mo ń sá aṣọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan nígbà tí Tíṣà pè mí.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé o ti rí ìmàdò rí?"

Mo ní, "Ìmàdò inú àlọ́?"

"Ìmàdò inú igbó."

Mo ní mi ò rí i rí. Ó ní òun náà ò rí i rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ti ń yà á sórí pátákó fún àwọn ọmọ láti ìgbà tí òun ti mọ ṣọ́ọ̀kì í dì mú. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè nínú kíláàsì, ó bi òun pé, "Mà, ṣé ẹ ti fojú yín rí i?" Òun ní rárá. Ọmọ náà wo òun títí, ó wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà."

"Ọmọ náà káàánú mi, Nọ́ọ̀sì. Ó káàánú mi dọ́kàn."

Mo fi Àlàájà kún ìpè náà. Tíṣà ṣàlàyé pé ọgbà ẹranko kan wà lápá Òkè Ògùn, tí èèyàn lè pàgọ́ sí, kí ó sùn níbẹ̀, kí ó máa wo àwọn ẹranko bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

"Orí ẹ̀yin méjèèjì ò pé," ni Àlàájà sọ. "Àwọn èèyàn ń sá fún ẹranko, ẹ̀yin ń wá a lọ sínú igbó. Ìgbà wo là ń lọ?"

Ìgbà ọyẹ́ la lọ. Jíìpù Àlàájà la gbé, àwọn fúnra wọn ló sì wà á. A gba Sáńgò, a gba Abẹ́òkúta, a kọjá Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ wá ń tẹ́jú lọ, koríko gbígbẹ lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fọ́ wa létè. Tíṣà ti yá àgọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ti Àlàájà, kúlà méjì ni wọ́n kó, pẹ̀lú ìkòkò, gáàsì kékeré, àlùbọ́sà àpò kan, àti odó ata.

Mo ní, "Àlàájà, àbí a ti ń kó wá sí Òkè Ògùn ni?"

Wọ́n ní, "Ebi ò mọ̀ pé ọgbà ẹranko la wà, jàre."

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà tí wọ́n yàn fún wa jẹ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo nǹkan. Ó fi ibi tí a máa pàgọ́ sí hàn wá, lẹ́bàá odò, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́, tí koríko tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbi tí wọ́n ti sun igbó. A gbé àgọ́ náà dúró, ó wó. A tún un gbé, ó tún wó, ó bo Tíṣà mọ́lẹ̀, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀ṣọ́ ló wá bá wa gún èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún wa pé ká má fi oúnjẹ sílẹ̀ níta, ká má dá rìn lọ sínú igbó, bí a bá sì rí ẹranko, ká má sáré, ká má pariwo.

Àlàájà ní, "Tí ẹranko ọ̀hún bá ń sáré bọ̀ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ pè mí."

"Láìpariwo?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ò rí ẹranko kankan. Ìgbẹ́ ẹranko la rí, àti ojú ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀ etí odò. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ ti ojú ẹsẹ̀ náà, ó ń fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ yí ká bí ẹni ń kọ lẹ́tà. A jẹ ìrẹsì Àlàájà, a wọnú àgọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ní Ìkòtún, ògiri ló wà láàárín àwa àti ohùn yẹn, a sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀. Tíṣà fi ìgúnpá tọ́ mi nínú òkùnkùn. "Ó ti pẹ́ o," ló wí, oorun sì gbé e lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣọ́ mú wa wọ igbó. Òtútù mú débi pé mo da aṣọ ìbora bo orí. A rí awó tí wọ́n ń sáré lórí ewé gbígbẹ bí àwọn obìnrin tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. A rí ọ̀bọ lórí igi, ìyá kan gbé ọmọ mọ́ ikùn. Ẹtu kan jáde sójú ọ̀nà, ó dúró, ó wò wá, kò tiẹ̀ yára, ó tún wọlé padà. Lókè odò, àgbọ̀nrín méjì ń mu omi, ìgbà tí èyí bá mu, èkejì á gbórí sókè, á máa ṣọ́nà. Èmi tí mo ti ń rìn nínú wọ́ọ̀dù láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dúró fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ara mi fúyẹ́.

Tíṣà béèrè ìmàdò. Ẹ̀ṣọ́ ní wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Ó ní àlejò kan wà tó wá lọ́dún tó kọjá, tó lọ láìrí ẹyọ kan. Tíṣà ní kò burú, ẹtu náà ti tó. Mo mọ ohùn tó máa ń lò bí nǹkan ò bá tó o. Ohùn yẹn ló lò.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti Tíṣà kó abọ́ lọ fọ̀ lódò, ẹ̀ṣọ́ sì bá wa lọ. Àlàájà ní àwọn ò lọ, àkókò ìrun Àsárì ti tó, àwọn fẹ́ ṣàlùwàlá. Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n má kúrò lẹ́bàá àgọ́, pé òun ń wò wọ́n láti etí odò.

A ti fọ abọ́ tán, a ń gòkè bọ̀, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ dúró lójijì, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn láti dá wa dúró. Mo gbójú sókè.

Àlàájà tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n wà ní ìforíkanlẹ̀. Níwájú wọn, kò tiẹ̀ jìnnà tó yàrá wọn sí tèmi ní Ìkòtún, ẹranko kan wà, ó dúdú, ó ṣe pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ fún ẹrẹ̀, eyín rẹ̀ yọ síta lápá méjèèjì, ó ká sókè. Ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn kúnlẹ̀. Mi ò fi ṣàpẹẹrẹ o. Wọ́n ká ẹsẹ̀ iwájú wọn, wọ́n fi orúnkún lélẹ̀, ìdí wọn wà lókè, wọ́n ń jẹ koríko tútù náà.

Tíṣà gbá apá mi mú. "Ó kúnlẹ̀," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀."

"Bí ìmàdò ṣe ń jẹun nìyẹn," ni ẹ̀ṣọ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ Àlàájà. Bí wọ́n bá rí aáyán kan nínú yàrá, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Mo bi ẹ̀ṣọ́ bóyá ẹranko náà ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Ó ní bí wọn ò bá ti sáré, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń rọra rìn sí ẹ̀gbẹ́, kí ó lè sún mọ́ wọn.

Àlàájà gbórí sókè. Mo rí i pé ẹ̀yìn wọn le gan-an, nítorí náà mo mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó lórí ẹsẹ̀ wọn, ètè wọn ń mì, wọ́n tún forí kanlẹ̀. Wọ́n dìde dúró. Ìmàdò náà dẹ́kun jíjẹ, ó gbójú sókè wò wọ́n, ó tún padà sídìí koríko. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n jókòó, wọn ò fo nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe sàlámà sí ọ̀tún, wọ́n wá yíjú sí òsì, níbi tí ìyá ìmàdò ti jẹun dé. Àwọn méjèèjì wojú ara wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni Àlàájà wí.

Ẹranko náà fọn imú, ó dìde, ó sá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀ lé e, ìrù gbogbo wọn dúró gbọn-in sókè bí irin rédíò, títí igbó fi gbé wọn mì.

A sáré dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Wọn ò lè dìde. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Àlàájà, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ju yín lọ." Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Kí ni nǹkan tó wá kí mi yẹn?"

Tíṣà ní, "Ìmàdò ni, Àlàájà. Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó."

"Ẹlẹ́dẹ̀!" Ìgbà yẹn ni agbára dé, wọ́n fò dìde lórí ẹní. "Ṣé ó fara kan ẹní mi?"

Èmi, Tíṣà àti ẹ̀ṣọ́ ní kò fara kàn án. Wọ́n gbé ẹní náà sókè, wọ́n wò ó níwájú lẹ́yìn, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n wá ní ó dáa, ẹ̀dá Ọlọ́run ni òun náà, koríko tirẹ̀ ló ń jẹ, àwọn làlejò. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí ẹ̀rín fi gbé wa. A rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sórí àwọn abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a jókòó níwájú àgọ́, Àlàájà ń din àkàrà. Tíṣà ní, "Ìrù rẹ̀ ni mo máa ń ṣì yà. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń kọjú ẹ̀ sí." Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Àlàájà yí àkàrà padà nínú epo. "Ilé mi ti tóbi jù," ni wọ́n sọ, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. "Bí mo bá sín, kò sẹ́ni tó máa sọ pé pẹ̀lẹ́."

Tíṣà wá ní, "Ẹ máa bọ̀ ní Ayọ̀bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Ọ̀nà yín ò dáa."

"Ọ̀nà tí ẹ wà wá síbí ńkọ́, ṣé ó dáa ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu àkàrà fún un, wọ́n ní kó fi dí ẹnu.

A ò rí ẹfọ̀n tí ẹ̀ṣọ́ sọ pé ó ṣeé ṣe ká rí, a ò sì rí ìmàdò mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, a jókòó létí odò, tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ kálukú, ìkùukùu ń kúrò lórí omi díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde lọ tú àgọ́.

Àlàájà lọ sí Ayọ̀bọ̀ ní Sátidé náà lóòótọ́, èmi náà lọ. Sátidé míì, ilé wọn ní Àgbàdo ni. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Abúlé Ẹ̀gbá láìpẹ́ yìí, mo bá wọn tí wọ́n ń sọ ìtàn ìmàdò fún oníbàárà kan tó wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ìmàdò náà ti di méje, ìyá wọn sì ti tóbi tó màlúù. Oníbàárà yẹn yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀ dáadáa."

Àlàájà fa àga kan sún mọ́ mi, wọ́n ń bá ìtàn wọn lọ.