Orúkọ Tó Wà Létí Aṣọ

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà, kí aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ti òkè òkun wọlé tó pa ilé-iṣẹ́ náà. Èmi ọmọ wọn wá ń ta ankara Ṣáínà ní Rye Lane nílùú òyìnbó. Ẹ wo ọ̀ràn! Láti ìgbà tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Peckham la ti ń fa ọ̀rọ̀ ọjà òkè òkun yìí, pàápàá nínú bọ́ọ̀sì tí a bá ń ti Jímọ̀ bọ̀.

"Ẹni tó bá gbin igi, ṣebí ó yẹ kó ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́?" wọ́n á ní. "Àwọn òyìnbó tí a wà nílùú wọn yìí, wọ́n ti fòfin de aṣọ Íńdíà rí. Ìgbà tí iṣẹ́ tiwọn lágbára tán ni wọ́n wá ń wàásù pé kí gbogbo ayé ṣílẹ̀kùn."

Èmi ò ní gbà. "Dádì, nígbà tí ìjọba wa ti bọ́dà, ta ló jìyà ẹ̀? Ṣebí Mọ́mì ni, tí wọ́n ń wá ìrẹsì kiri ọjà. Àwọn onífàyàwọ́ ló jèrè." Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Mo sì fẹ́ràn kí n máa borí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe tú ìdì ankara tuntun, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò bí ìṣe wọn, torí etí aṣọ ni ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ orúkọ sí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀. Bàbá mi bú sẹ́kún lójú oníbàárà.

"Alhamdulillahi! Wọ́n ti ṣí i padà! Ìjọba ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ wa sì jí!"

Mo mọ̀ pé Ṣáínà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn jí orúkọ náà lò ni, torí àwọn ìyá wa ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. Títí di Jímọ̀ ni wọ́n ń kọrin nínú balùwẹ̀, tí wọ́n ń fi fóònù pe àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá oníṣáínà, ṣé o ti gbà báyìí?" Eré ni wọ́n ń ṣe. Orí mi gbóná.

"Dádì, Ṣáínà náà ni! Ayédèrú ni! Ilé-iṣẹ́ yín ti kú!"

Ẹyin lohùn. A délé. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ṣí fìlà.

"Ṣé àwọ̀ aṣọ yẹn máa ń ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Tiwa a máa ṣí díẹ̀."

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n ṣáà bá wọn mú fóònù wá. Ọ̀rẹ́ wọn kan n'Ágége, nínú àwọn tí wọ́n ti pè, ti fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó fẹ́ lọ sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti lọ gba iṣẹ́ padà. Mo gbọ́ tí bàbá mi ní kó má lọ mọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ wọn ń bèèrè ìdí ẹ̀.

 Bàbá mi na fóònù sí mi.

"Sọ fún un. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ."