Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Géèmù

Bàbá Ládàánì sọ ọ́ lójú gbogbo agboolé pé bí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán lọ́sẹ̀ náà, àwọn yóò wá gba kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ bàbá mi lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ni olórí agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn náà ló sì ń pe ìrun ní mọ́sálásí kékeré tó wà níwájú ilé. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Pálọ̀ náà ni mo fi ṣe yàrá géèmù níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ géèmù tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà, páàdì méjì, àti ẹní ńlá. Ohun tó ń wọlé níbẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ilé kéú ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó jókòó sí kíláàsì oníwèé. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé mi náà tán nìyẹn.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo kó ìpáǹle jọ sínú ilé àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Lóòótọ́, àwọn onírẹ́gè àdúgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Wọ́n ta irun wọn ní dàdá, wọ́n dé fìlà onírun àgùntàn nínú oòrùn, ṣòkòtò jíǹsì wọn ya lórúnkún. Èyí tó mọ géèmù gbá jù nínú wọn ga bí òpó iná.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, nǹkan mìíràn ni mo rí. Ní ilé kéú, a kì í bi ààfáà pé kí nìdí. A ń ké e títí yóò fi wọra ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bọ́tìnnì àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn nínú géèmù. Ẹnu lẹnìkan ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, ohùn ilé kéú ni mo sì fi há tèmi sórí. Kí n tó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, mo máa ń fẹ́ ẹnu sí i, bí ààfáà ṣe ń fẹ́ ẹnu sí omi àdúà. Àwọn onírẹ́gè náà ní òfin tiwọn: ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọn kì í jẹ, bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́. N kò tí ì rí ibi tí àwọn èèyàn ti fẹ́ràn nǹkan dénú tí kò lófin.

Òfin bàtà, ìyàwó mi ló ṣe é. Kò tí ì di ìyàwó mi nígbà náà o. Ọmọ Àgùdà ni, òun àti ìyá rẹ̀ kì í pa Máàsì Sọ́ńdè jẹ. Ó wá gbá géèmù lọ́jọ́ kan, ó na gbogbo wa, lẹ́yìn náà ló mú ìgbálẹ̀.

"Gbogbo iyanrìn Jankara lẹ kó wọlé yìí," ó ní. "Iyanrìn ló ń pa ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lè bọ́ bàtà, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù níta."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń to bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì kọ imú wọn síta.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ọmọ Àgùdà bi mí bóyá kí àwọn onídàdá má tilẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n wá. Bí Bàbá yóò bá gba yàrá, kí wọ́n gba èyí tí à ń lò gan-an. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Ọ̀sán ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lásìkò náà, onídàdá gíga ti dé ibi tí kò sẹ́ni tó dé rí nínú géèmù náà, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló sì kù ú kù. Gbogbo wa tò lórí ẹní, a kọjú síbì kan, ẹnikẹ́ni ò húkọ́. N kò gbọ́ ọ̀pá náà mọ́. Mo wẹ̀yìn. Bàbá ti gbé ọ̀pá ti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ́ bàtà.

Mo rò pé ẹsẹ̀ wọn ló ṣe é kí ọkàn wọn tó mọ̀. Bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn tò lórí ẹní, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ ládàánì ṣe?

Wọ́n rọra kí wa ní sàláàmù. A dáhùn láìyíjú. Ẹni tó wà ní ìparí ìlà sún, ẹni tó tẹ̀ lé e náà sún, àyè sì là. Láti kékeré ni Bàbá ti ń dí àyè nínú sàáfù, ìlà àwọn tó ń kírun. Wọ́n jókòó.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin wa sáré, ó fò, ó já sínú iná.

"Ìnnà lílláhì!" ẹnìkan pariwo lẹ́yìn.

"Wa ìnnà ìláéhì rájíúùn," Bàbá bá a parí rẹ̀. Wọ́n wá yíjú. "Ta ló kú?"

Ọmọ Àgùdà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni."

"Èyí tó ń fò bí ọ̀bọ yẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ọlọ́run á forí jìn ín." Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Onídàdá gíga dìde, ó fi páàdì lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, ó lọ sí ẹ̀yìn. Bàbá fojú sìn ín lọ.

"Ta ló ní kó dìde?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá," mo ní. "Ẹni tó bá kú ń dìde ni."

Wọ́n tún wo irun rẹ̀. "Ìwọ, ṣé wọ́n bí dàdá mọ́ ọ ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Rárá, Bàbá. Fúnra mi ni mo bí i."

"Kí lo wá ń jẹ tó fi gùn tó báyìí?"

"Ẹ̀fọ́, Bàbá. Ẹ̀wà. N kì í mutí. N kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀?" Wọ́n kọjú sí mi bí ẹni pé mo fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wọn. "Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀!"

"Èmi nìkan ló ń jẹ ẹ́ níbí, Bàbá," ọmọ Àgùdà wí. "Àgùdà ni mí."

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàbá bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀.

"Káfíńtà yẹn?" Ohùn Bàbá rọ̀. "Àwọn ló kan ilẹ̀kùn mọ́sálásí wa. Kò tí ì wọ́ títí dòní."

Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹlòmíràn tó ń gbá. Àkókò ìrun Àláásárì ń bọ̀. Láìsọ nǹkan kan, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

Mo mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Bàbá wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wò mí.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe? Fà mí dìde, jàre. Orúnkún ti gan."

Mo fà wọ́n dìde. Kọ́kọ́rọ́ wà láàrin àtẹ́lẹwọ́ àwa méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ mi, ọwọ́ mi ló kù sí.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí mo bá ti ń pe ìrun, n kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yín o."

"A ó dá a dúró, Bàbá." Ọmọ Àgùdà tẹ bọ́tìnnì kan. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n dúró sókè, láàrin kòtò kan àti èkejì.

Bàbá wò ó pẹ́. "Kò ní já?"

"Kò ní já títí ẹ ó fi kírun tán."

Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Láìpẹ́, ohùn wọn gba ojú fèrèsé wọlé. Àwa tí a ń kírun dìde. Ọmọ Àgùdà àti onídàdá gíga jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń ṣọ́ ọkùnrin tó wà lókè.

Nígbà tí mo padà dé, ọkùnrin náà ṣì wà lókè níbẹ̀. Ọmọ Àgùdà na páàdì sí mi.

"Ìwọ ló kàn," ó ní.