Ọjọ́ Tí Hameedat Padà Dé sí Ìsìkàn

Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pe Agnes Akínlolú nílé tí a jọ ń gbé ní Ìsìkàn. Ọmọ Oǹdó ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Bó bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, á yà nílé aláìsàn kan, á bá wọn gbálẹ̀, á fọ aṣọ wọn. Ó máa ń ní ẹni tó bá gbà pé òkú ń jíǹde kò yẹ kó máa sá fún alààyè. A ti gbọ́ ọ títí tó fi sú wa.

Hameedat ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìrẹsì ló ń tà lọ́jà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Nígbà tí ibà Lásà mú un lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wá gbé e wọ aṣọ tó bò wọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àdúgbò fi ń sọ pé ó ti kú. Baba onílé wa, Bàbá Ọládélé, ti yàrá rẹ̀ pa, ó kó ẹní àti ìrọ̀rí rẹ̀ jáde, ó dáná sun ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀kadà já Hameedat sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ti rù kan eegun. Ẹnì kan figbe ta. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti tèmi, mo wá ń yọjú lójú fèrèsé.

Bàbá Ọládélé mú àgádágodo jáde.

"Hameedat, dúró síbẹ̀. O ò ní wọ ulé mi."

"Bàbá, wọ́n ní mo ti yá. Ẹ wo ìwé dókítà."

"Má nà án sí mi!"

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pé jọ lójú títì. Ọ̀kan nínú wọn ṣa òkúta. Hameedat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Tíṣà ti jáde, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì."

"Ìyá Tíṣà, bí ẹ bá jáde lọ bá a, ẹ̀yin náà ò ní wọlé mọ́."

Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ṣí géètì fúnra rẹ̀. Ó jáde. Bàbá sì ti géètì mọ́ ọn síta.

Ó gba ìwé náà, ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti Hameedat.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Ìyá. Wọ́n á lé yín."

"Kí wọ́n lé mi. Gbé omi yẹn wá."

Omi ọlọ́ràá tí Hameedat ń mu lọ́wọ́ ni. Ó gbà á, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán. Ẹni tó mú òkúta dání rọra sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, kí Bàbá tó wá ṣí géètì. Yàrá Ìyá Tíṣà ni Hameedat sùn.

Ọjọ́ karùn-ún, ibà dé sí Ìyá Tíṣà lára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní ká dúró de èsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Oǹdó pé kó máa bọ̀ wálé.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá jẹ́ Lásà ni, mi ò ní gbé e wá bá yín."

Hameedat nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, tó ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Mo dúró lókèèrè, mo bi Ìyá Tíṣà léèrè bóyá ẹ̀rù ò bà á.

"Ó ń bà mí, Táíyé. Lálẹ́ àná, mo sunkún. Ṣùgbọ́n tó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá jáde."

Lọ́jọ́ kẹta ni èsì dé. Ibà ẹ̀fọn lásán ni. Hameedat ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Mo wọ yàrá Ìyá Tíṣà, mo kó abọ́ tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì gbé wọn lọ sídìí kànga láti fọ̀ wọ́n.