Ọjọ́ Tí A Yẹ Fíólọ́ọ̀nù Bàbá Wa Wò

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, mo sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Bàbá wa ń kọ́ni ní katikísìmù ní Tchaourou. Fadá òyìnbó kan fi fíólọ́ọ̀nù rẹ̀, gòjé àwọn òyìnbó, sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé, bàbá sì kọ́ àwa méjèèjì bí a ṣe ń ta á. Òfin kan ṣoṣo ni ó fún wa: kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó mú un. Òrí kì í wọ́n lára àwa ará ibí, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rá bá kan irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá tí a fi ń fà á, ó yadi nìyẹn. Oje igi gbígbẹ nìkan ni a fi ń pa irun náà.

Mo mọ̀ ọ́n ta ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀. Nígbà tí fadá tuntun ní òun yóò mú ọmọ kan lọ sí ilé ìwé ní Kútọnu, wọ́n ní kí n ta á níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo fà á, kò dún. Ọ̀pá ń yọ̀ lórí okùn bí ẹja lọ́wọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ẹ̀rù ló bà mí, pé ọmọ tó lójo kò ṣeé rán lọ sọ́nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ.

Èmi náà kàwé níkẹyìn, mo di olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan fíólọ́ọ̀nù mọ́. Mo gbà pé ọwọ́ mi ló dà mí.

Lọ́dún yìí mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi, tí fíólọ́ọ̀nù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún mi kí n tó kú. Ó ní kí a kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó, bóyá ohun ńlá ni. Ọkùnrin kan tó ń tún ohun èlò orin ṣe gun alùpùpù wá láti Parakou. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Tọ̀ntọ́n, ó ń pe èmi ní Tata, bí ọmọdé ibí ṣe ń pe àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin. Ó tan iná wo inú fíólọ́ọ̀nù náà.

"Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, Tọ̀ntọ́n. Irú rẹ̀ pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wò ó dáadáa. Ojú ọmọdé lo fi ń wò ó."

"Awò ojú mi ni mo fi ń wò ó, Tọ̀ntọ́n. Igi rẹ̀ kò là, ẹ dúpẹ́."

Ó mú ọ̀pá náà, ó fi ìka ra irun rẹ̀, ó gbóòórùn ìka. "Ta ló fi òrí pa èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń mú kí nǹkan gbẹ, òrí la fi ń tọ́jú rẹ̀."

Mo bi ọkùnrin náà bóyá ọwọ́ tí a kò fọ̀ ló fà á.

"Rárá, Tata. Láti ìdí dé orí ni. Wọ́n rọra pa á ni, bí ìgbà tí ìyá ń pa irun ọmọ. Ó sì ti pẹ́, eruku ti di amọ̀ mọ́ ọn lára. Kò sí ẹni tó máa fà á tí yóò dún."

Mo sìn ín dé ìdí alùpùpù rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì kúrò lórí àga.

"Ọyẹ́ wo, ẹ̀gbọ́n mi? Ó ń dún kí ọjọ́ Àjíǹde yẹn tó dé, ọjọ́ náà ni kò dún mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ta á mọ́ láti ìgbà náà. Àjíǹde kì í sì í bọ́ sí ìgbà ọyẹ́."

N kò jókòó.

Ó ní, "Mo rò pé o mọ̀. Láti ọdún náà wá, mo rò pé o mọ̀, pé ṣe lo kàn ń bò mí láṣìírí."