Pátákó Mọ́kànlélógójì

Onípátákó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, kò ní bojú wẹ̀yìn. Káfíńtà ni. Ogún ọdún gbáko ló fi gé òpó igi fún ilé iṣẹ́ ìwakùsà, àwọn òpó tí wọ́n ń gbé sínú ihò kí òkè má baà wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Òkè sì ń wó lé wọn lórí náà ni. Bó bá ti wó, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á ránṣẹ́ sí i pé kó mú lára igi òpó, kó gé pátákó, kó gbẹ́ orúkọ olóògbé sí i, kí wọ́n rí nǹkan rì mọ́ orí ibojì. Igi kan náà, ẹ gbọ́ mi o, igi tí kò gbé wọn ró nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Igi ló wà nílẹ̀, igi náà ni wọ́n lò.

Afínjú ọkùnrin ni, irú afínjú tó máa ń sú èèyàn. Ayùn rẹ̀ kọ́ sára ògiri láti orí kékeré dé orí ńlá, ìṣó rẹ̀ wà nínú agolo, oníwọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì sì máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà bíi pé wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀, nígbà tó wà láyé, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá sùn wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ òun á jí òun kó lè tún òun tò. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló pa obìnrin náà. Igun ògiri òkúta ní ìkángun itẹ́ òkú ni wọ́n ti rí ilẹ̀ tó rọ̀, ògiri ò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà tọ́. Bó ṣe wọ́ ni wọ́n ṣe sin ín. Ẹ̀gbọ́n Onípátákó obìnrin ló di ọkùnrin náà lápá mú lọ́jọ́ yẹn kó má baà kó sínú kòtò, títí wọ́n fi rọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, alágbàfọ̀ ni, aṣọ àwọn awakùsà ló ń fọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà wọ inú ihò ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, oṣù kẹta tó wọ ibẹ̀ ni òkè wó lu òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn. Wọ́n gbé e wálé fún ìyá rẹ̀. Kí obìnrin náà tó da omi sí i lára, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ti dé, ó ní ti ilé iṣẹ́ ni bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, òfin tuntun ti dé pé wọn ò gbọdọ̀ fi bàtà sin ẹnikẹ́ni mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà náà, ó bọ́ ọ, ó gbé e lọ. Ìyá wẹ ọmọ rẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìsìnkú. Ọjọ́ kẹta ló tó débẹ̀, ó bá pátákó tí àbúrò rẹ̀ gbẹ́ níbi tí wọ́n rì í sí lábẹ́ igi ńlá kan, ó sì jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀.

Ọdún kejì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná jó pápá. Ó jó itẹ́ òkú náà pẹ̀lú, ó jó pátákó kanlẹ̀, ó jó igi ńlá yẹn dé gbòǹgbò. Òjò sì ti wẹ òkìtì orí àwọn ibojì lọ láti ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúdú, kò sí ohun tí èèyàn fi lè dá ibì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ibòmíì. Ọ̀gá gbé ìwé òkú lé Onípátákó lọ́wọ́, ó ní kó gbẹ́ òmíràn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìwé ọ̀hún sọ orúkọ, ó sọ ọjọ́ tí kálukú kú. Kò sọ ibi tí wọ́n sin ẹnì kankan sí. Gbígbẹ́ pátákó nìkan sì ni iṣẹ́ Onípátákó, àwọn ẹlòmíì ló máa ń lọ rì í. Nǹkan tó burú níbẹ̀ ni pé ibi tí òkúta bá ti gbà wọ́n láyè ni wọ́n máa ń gbẹ́ ibojì sí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láìtẹ̀ lé ìlànà kankan.

Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá pé òun ò mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́. Káfíńtà tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, kó wá ní òun ò lè ṣe é! Ó gé pátákó mọ́kànlélógójì, ó gbẹ́ orúkọ sí wọn bí wọ́n ṣe tò nínú ìwé, ó ta okùn láti ògiri kan dé ìkejì, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin. Ti ìyàwó rẹ̀ nìkan, èyí tó ṣe ìkọkànlélógójì, ló rì síbi tó mọ̀ dájú, ní igun ògiri, bó ṣe wọ́ gan-an. Àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní ó ti sọ itẹ́ òkú di ojúlówó. Kò sẹ́ni tó béèrè bí àwọn òkú tí wọ́n sin káàkiri ṣe wá tò sórí ìlà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú pátákó ọmọ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, torí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ọjọ́ tí iná ti jó. Ó ní ó jọ lójú òun pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, lẹ́bàá igi tó jó. Onípátákó ní iná ló yí ojú ilẹ̀ padà.

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi.”

Obìnrin náà jókòó síbẹ̀, ó sunkún tó ní í sun, ó dìde, ó lọ sílé, ó jẹun. Ohun tí Onípátákó rí nìyẹn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ọdún méjìlélógún ló fi tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n á máa bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un, ta ló kó lọ, ta ló bímọ, àbúrò á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á ṣí fìlà dání. Ojú ń tì í. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí, á rántí pé ọdún márùn-ún ti kọjá, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, irọ́ náà sì ń dàgbà bí ọmọ tó wà nílé.

Kùsà tán. Wọ́n ti ihò pa, àwọn èèyàn kó lọ, ìdajì ilé tó wà ní òpópónà náà di ahoro, koríko bo itẹ́ òkú. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ mìíràn dé pẹ̀lú katakata, wọ́n fẹ́ tún yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ jọ̀ kí wọ́n lè rí kùsà tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, orí itẹ́ òkú yẹn ni wọ́n sì fẹ́ máa da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: ẹni tó bá ní èèyàn níbẹ̀ kó wá nàka sí ibojì rẹ̀, àwọn á hú egungun náà, àwọn á gbé e sínú àpótí lọ sí itẹ́ òkú ìlú. Èyí tí kò bá lẹ́ni, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ̀gbọ́n Onípátákó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní ìlú ni òun náà á ti sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun, òun ò sì ní ohun mìíràn tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún. Ó ra aṣọ funfun tí yóò fi di egungun náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa hú u, Onípátákó wọlé tọ̀ ọ́, ó ti pinnu pé tòní kò ní kọjá. Ó bá a níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ.”

“Kọ́kọ́ bá mi di etí aṣọ yìí mú.”

Ó dì í mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ṣe é, àbúrò òun mọ gbogbo wọn. Onípátákó di etí aṣọ náà mú títí ó fi jọ̀lọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ìdílé mẹ́fà péré ló wá. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà mú ìwé dání, àwọn agbẹ́lẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ibi tí pátákó awakọ̀ kan wà. Kò tíì dé orúnkún tí wọ́n fi kan òkúta gbagidi, òkúta tí wọn ò gbẹ́ rí láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé. Opó awakọ̀ náà ń wo ihò. Ẹnì kan ní bóyá ilẹ̀ ló sún. Akọ̀wé wo Onípátákó, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní kí wọ́n kọjá sí èyí tó kàn.

Èyí tó kàn ni ti ọmọ alágbàfọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ara ẹ̀gbọ́n Onípátákó yá gágá, ó tú aṣọ funfun náà, ó kúnlẹ̀ sí etí kòtò. Agbẹ́lẹ̀ kan fi ọwọ́ ha yẹ̀pẹ̀ kúrò, egungun ẹsẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà bàtà yọ, bàtà iṣẹ́ méjèèjì, irin iwájú wọn ti dípẹtà ṣùgbọ́n okùn ṣì wà ní dídì.

Obìnrin náà wò wọ́n pẹ́.

“Ọmọ mi ò wọ bàtà,” ó ní.

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó bi í léèrè ta lẹni yìí, Onípátákó ní òun ò mọ̀. Ó ní ibo wá ni ọmọ òun wà. Ó ní òun ò mọ̀. Onípátákó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀, ìwé òkú, okùn tó ta, ìlà mẹ́rin, bí ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò dá a dúró. Ó ń ká aṣọ funfun náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀ ṣe ń ká aṣọ oníbàárà.

Akọ̀wé ní ó parí nìyẹn. Pátákó tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun ò lè gbé orúkọ lórí rẹ̀ sínú ìwé mọ́. Kò sí èyí tí àwọn á tún hú níbẹ̀, àfi èyí tí ẹlòmíì bá lè jẹ́rìí sí. Ìdílé tó kù sunkún, wọ́n bú Onípátákó, wọ́n ń lọ. Ìgbà náà ló sáré dé igun ògiri, ó gbá pátákó tó wọ́ mú. Ó ní ìyàwó òun nìyí, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n hú eléyìí, eléyìí ni òun mọ̀.

“Baba, ṣé ó dá yín lójú?” akọ̀wé béèrè.

“Ó dá mi lójú.”

Akọ̀wé yíjú sí alágbàfọ̀. Ó ní ṣé Màmá lè jẹ́rìí sí i? Ẹ̀gbọ́n Onípátákó wo pátákó náà. Ó wo igun ògiri níbi tó ti di apá àbúrò rẹ̀ mú lọ́jọ́sí. Ó ki aṣọ funfun bọ abíyá.

“Ẹ bi í,” ó ní. “Gbogbo ìgbà ló máa ń dá a lójú.”

Ó gba ọ̀nà ilé lọ. Akọ̀wé fi ìdérí de báírò rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, katakata dé, igun ògiri yẹn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ojú ọ̀nà jù.